Ẹnu Dùn-ún Ròfọ́: Ohun Tí Ilé Iṣẹ́ Kọ Sára Ògiri àti Ohun Tí Wọ́n Ń Ṣe

Nígbà tí a bá ń ka eré onítàn tàbí ewì ní kíláàsì wa, ìbéèrè tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ máa ń bi wá ni pé: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ló sì fẹ́ kí onítọ̀hún ṣe? Mo fẹ́ fi ìbéèrè yìí yẹ irú àkọsílẹ̀ kan wò tí ẹnikẹ́ni kì í kà kún lítíréṣọ̀, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni àwa ará Èkó ń rí i. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń kọ sára ògiri níbi tí àlejò ń jókòó sí ni mò ń wí: "Ìṣòtítọ́." "Ọ̀wọ̀." "Oníbàárà lọba." "Òṣìṣẹ́ wa ni ọrọ̀ wa." Wọ́n á fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́, wọ́n á fi gíláàsì bò ó, ẹni tó ń gbálẹ̀ á sì máa nù ún láràárọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé irọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí a tó lè pe ọ̀rọ̀ kan ní irọ́, ó gbọ́dọ̀ ti sọ nǹkan kan ná. Ẹ wo "Ìṣòtítọ́" bí a ṣe ń wo gbólóhùn nínú iṣẹ́ gírámà. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Kò ní olùwà, kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe, kò ní àbọ̀. Ta ni yóò ṣòtítọ́? Ta ni yóò ṣe é fún? Bí ẹni náà kò bá ṣe é ńkọ́? Ògiri ò fèsì. Gbólóhùn tó pé, tó ní olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, wà nínú ilé iṣẹ́ kan náà o, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sára ògiri. Inú ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń sọ ọ́: "Bí o kò bá mú iye báyìí wá kí oṣù tó parí, wá iṣẹ́ mìíràn." Àṣà ilé iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tuntun kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó mọ èyí tí òun gbọ́dọ̀ gbọ́ nínú méjèèjì.

Mo mú Cadbury gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nítorí pé díẹ̀ ni ilé tí agolo Bournvita kò wọ̀ rí ní àdúgbò wa. Ilé iṣẹ́ wọn ní Agídíngbì, Ìkẹjà, kò sì jìnnà sí Èjìgbò bí ọ̀nà bá dá, ìyẹn ni pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Ọdún 1824 ni John Cadbury ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ta tíì, kọfí àti kòkó mímu. Ọmọ ìjọ Quaker ni, ìjọ Kristẹni tó kórìíra ogun àti ọtí àmupara, tí àwọn oníṣòwò inú wọn sì gbajúmọ̀ fún pé iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá lé ọjà, kò sí ná-an-ná-an. (Ọjà Èjìgbò ì bá ti lé wọn.) Ní 1879, àwọn ọmọ rẹ̀ kó ilé iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n pe ibẹ̀ ní Bournville. Ibẹ̀ ni Bournvita ti gba orúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé tó ní ọgbà síbẹ̀, wọ́n ṣe pápá ìṣeré fún òṣìṣẹ́, wọn kò sì gba ilé ọtí kankan láàyè. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bíríkì ni, ojú rí i, ọwọ́ bà á.

Àmọ́ níbo ni kòkó ọ̀hún ti ń wá? Apá ńlá nínú rẹ̀ ń wá láti São Tomé, erékùṣù kan tó wà nítòsí wa níhìn-ín, tí àwọn Pọtogí ń ṣàkóso nígbà náà. Ọmọ Àǹgólà tí wọ́n kó wá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ro oko kòkó ibẹ̀. Lórí ìwé, òṣìṣẹ́ ọlọ́dún márùn-ún ni wọ́n. Ní ti gidi, ẹrú ni wọ́n, agbára káká ni ẹnì kan fi ń padà sílé nínú wọn. Láti 1901 ni ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn Cadbury. Wọ́n bá ìjọba sọ ọ́, wọ́n rán ènìyàn lọ wò ó, ọ̀kan nínú ìdílé wọn tún lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ra kòkó náà lọ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó di 1909 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ọdún mẹ́jọ gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ìròyìn náà ti tó gbé agbọ̀n kòkó kí wọ́n tó ṣíwọ́.

Ìwé ìròyìn Standard ní London kọ ọ́ ní 1908 pé ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n ń hù sí òṣìṣẹ́ wọn ní Bournville àti ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn ará São Tomé kò bára mu rárá. Cadbury pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1909, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà gbà pé Cadbury jàre, wọ́n wá ní kí ìwé ìròyìn náà san farthing kan fún un, owó ẹyọ tó kéré jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́nì. Lójú tèmi, kò tíì sí lámèyítọ́ tó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú tó tó ìyẹn. "Ẹ jàre, ẹ gba iye tí orúkọ yín tó."

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ọ̀kan nínú ọmọ ìdílé yìí, Sir Adrian Cadbury, tó ti jẹ alága ilé iṣẹ́ náà rí, ló darí ìgbìmọ̀ tó gbé ìwé ìlànà kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1992, lórí bí àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ máa jíhìn owó láìṣe màgòmágó. Orúkọ Cadbury ni gbogbo ayé fi ń pe ìwé náà títí dòní. Ìyẹn ni pé orúkọ tó wà lára agolo Bournvita wa náà ló di orúkọ ìlànà ìṣòtítọ́ fún ilé iṣẹ́ gbogbo. Kò sí ògiri tó tún lè gbé ọ̀rọ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀, ní 2006, àṣírí tú ní Agídíngbì. Wọ́n rí i pé fún ọdún mélòó kan ni ìwé ìṣirò owó Cadbury Nigeria ti ń sọ pé èrè pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Bílíọ̀nù 13 sí 15 náírà ni àsọdùn náà. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà àti olùdarí ètò ìnáwó rẹ̀ ti kúrò nípò.

Ibi tó yẹ kí a dúró lé ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni àṣà ilé iṣẹ́ ti hàn. Èkíní, wọ́n ń ti ọjà sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà ju èyí tí wọ́n lè tà lọ. Ká ní alágbàtà kan lè ta ọgọ́rùn-ún páálí lóṣù, wọ́n á já ọ̀ọ́dúnrún fún un bí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀ọ́dúnrún ti tà. Ọjà wà nínú sítọ́ọ̀ọ̀ alágbàtà, èrè ti wà nínú ìwé. Wọ́n tún máa ń ra ọjà tí wọ́n ti tà padà. Owó tí wọ́n ná lọ́dún yìí, wọ́n á sún un síwájú kí ìnáwó ọdún yìí lè kéré. Wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí èké lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù wá fún wọn, pé ọjà báyìí báyìí wà nílẹ̀, nígbà tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ ka àwọn ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì ka ọwọ́ tó wà nínú wọn. Ẹnì kan ló kó páálí sínú ọkọ̀. Ẹnì kan kọ ìwé ọjà, ẹnì kan tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan láti ìta lu òǹtẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, orúkọ ọ̀gá méjì ni gbogbo ènìyàn ń dá. Èrò tèmi ni pé ọ̀gá méjì kò lè dá irú iṣẹ́ yẹn ṣe. Ó gba kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́jẹ́ mọ ohun tí ilé iṣẹ́ fẹ́ gan-an, kí wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá bi ni ní ìbéèrè ni yóò dá wàhálà sílẹ̀. Ìmọ̀ tí ẹnì kan kò kọ́ wọn, tí gbogbo wọn sì mọ̀ yẹn ni à ń pè ní àṣà.

Ní 2008, SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò, bu owó ìtanràn tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 21 náírà lé ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì bu mílíọ̀nù 20 lé àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó tí kò rí nǹkan kan. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò pín in: àsọdùn èrè náà ju ìlọ́po 600 owó ìtanràn ilé iṣẹ́ lọ. Ìyẹn náà gbólóhùn ni. Bí ìjọba bá sọ pé "a kò fẹ́ jìbìtì" tó sì dá irú iye bẹ́ẹ̀ lé e, oníṣòwò á ka nọ́ńbà, á fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn ọmọ Nàìjíríà nìyí. Enron ní Amẹ́ríkà kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé òun ni òpó ilé iṣẹ́ náà, ìṣòtítọ́ sì wà lára rẹ̀. Wọ́n wọko gbèsè ní oṣù Kejìlá ọdún 2001 nígbà tí irọ́ inú ìwé owó wọn kò ṣeé bò mọ́. Ti bánkì Wells Fargo ló tún kan ọ̀rọ̀ mi jù. Wọ́n ní ìwé pẹlẹbẹ tó dára lórí ìwà àti ìran wọn. Wọ́n tún ní tágẹ́ẹ̀tì: kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan gba oríṣi nǹkan mẹ́jọ lọ́wọ́ bánkì. Ní 2016, ó hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ lè ti ṣí nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àkáǹtì fún àwọn oníbàárà tí kò mọ̀ sí i. Bánkì náà san ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là, ó sì ti lé nǹkan bí 5,300 òṣìṣẹ́ kúrò. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n mú mẹ́jọ wá ni wọ́n lé.

Ìdí tó fi kàn mí ni àbúrò ìyá mi. Ó ṣe mákẹ́tà ní bánkì kan tí n kò ní dárúkọ. Òṣìṣẹ́ kóńtírákì ni. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń san owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn tó fi kọ́ káàdì ìdánimọ̀ sọ́rùn jẹ́ ti bánkì, "Ìṣòtítọ́" ni wọ́n sì tẹ̀ sára okùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ogún ìgbà. Wọ́n ní kó mú mílíọ̀nù ogún náírà wọlé láàárín oṣù mẹ́ta. Ó rìn kiri Jákàńdè, ó rìn dé Ọjà Ládípọ̀, ó ń bẹ àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò. Nígbà tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé owó kò sí níta, ohun tí ọ̀gá náà sọ ni pé: "Mi ò fẹ́ mọ bí o ṣe máa ṣe é, kó ṣáà dé."

Ẹ fi gírámà wò ó. "Mi" ni olùwà. "Ò fẹ́ mọ̀" ni ìṣe. Gbólóhùn tó dá ṣáká ni, ẹnì kan ló sọ ọ́ fún ẹnì kan, ìyà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀-orúkọ kan tí wọ́n tẹ̀ sára okùn ṣe fẹ́ bá a jà?

Àbúrò ìyá mi bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣòwò pé kó bá òun gbé owó sínú àkáǹtì fún ọjọ́ méjì péré, kí oṣù fi parí. Owó náà sùn ọjọ́ méjì, ó jí, ó lọ. Nínú ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀gá náà mọ̀ pé owó àlejò ni. Òun náà ní tágẹ́ẹ̀tì tí ọ̀gá tirẹ̀ fún un. Nígbà tí oṣù mẹ́ta mìíràn parí tí kò sí ọ̀rẹ́ tó lè yáni lówó mọ́, wọ́n fún un ní lẹ́tà. Ẹni tó bá fi páálí tó wà ní sítọ́ọ̀ọ̀ alágbàtà wé owó tó sùn ọjọ́ méjì yìí yóò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré.

Ṣé kí a wá sọ pé ibikíbi tí ọ̀rọ̀ àti ìṣe kò bá ti bára mu, ìwà burúkú ló wà níbẹ̀? Rárá o. Ní àdúgbò wa, ìyá kan wà tó ń ta ìpápánu àti èlò ọbẹ̀. Ó kọ ọ́ sára páálí, ó so ó mọ́ iwájú ìsọ̀ rẹ̀: "Kò sí àwìn lónìí, ẹ padà wá lọ́la." Lábẹ́ páálí yìí gan-an ni ìwé ẹ̀sáásáìsì rẹ̀ wà, tó ń kọ àwìn sí. Orúkọ ìdajì àdúgbò wà nínú rẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ le ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àlàfo wà láàárín ohun tó kọ àti ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa ni àlàfo náà ń bọ́. Ti Agídíngbì bọ́ ìwé èrè tó wúni lórí. Ti bánkì àbúrò ìyá mi bọ́ ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá rí àlàfo báyìí, ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé ta ló ń jẹun níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ kan wà tí mo lè yìn, nítorí pé wọ́n fi ènìyàn sínú rẹ̀. Johnson & Johnson ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1943 pé àwọn tó ń lo ọjà wọn, ìyẹn dókítà, nọ́ọ̀sì àti ìyá ọlọ́mọ, ni àwọn kọ́kọ́ jẹ ní gbèsè ojúṣe; òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ará ìlú, àwọn tó ni ṣíà ló kẹ́yìn. Ẹ wò ó: olùwà wà, àbọ̀ wà, a sì mọ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó kẹ́yìn. Ní 1982, ẹnì kan fi májèlé sínú oògùn Tylenol wọn ní agbègbè Chicago, ènìyàn méje kú. Ilé iṣẹ́ náà kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 31 ìgò kúrò lórí àtẹ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, ó sì ná wọn ní ohun tó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là lọ. Èmi kò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti pè wọ́n lẹ́jọ́ láti ìgbà náà lórí páúdà ọmọdé. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé ní 1982, ẹni tó bá fẹ́ kó oògùn náà kúrò ní gbólóhùn tó lè nàka sí: àwọn tó ni ṣíà kẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ̀ láti kọ ìwé èké ní ibòmíràn kò ní ju ọ̀rọ̀-orúkọ kan lọ láti fi gbèjà ara rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà kò yọ ilé ìwé sílẹ̀. Gbogbo ilé ìwé ló ní akọmọ̀nà lára báàjì, ọ̀pọ̀ sì ní "ìwà" nínú. Síbẹ̀, gbogbo wa mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ibùdó ìyanu, níbi tí òbí ti ń sanwó kí ọmọ lè rí ìdáhùn WAEC kó tó jókòó. Ọmọ tó kọ́ èyí ní ọdún mẹ́tàdínlógún ti parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ mákẹ́tà. Ó ti mọ èyí tí òun yóò gbọ́ láàárín báàjì àti ẹ̀sì ìdánwò. Nílé náà, bí ọmọ bá dé pẹ̀lú káàdì ìdánwò rẹ̀, "Ipò kelòó lo gbà?" ni à ń gbọ́. N kò tíì gbọ́ ilé tí wọ́n ti béèrè pé, "Ṣé ìwọ lo ṣe é?"

Láìpẹ́, àwa tí a wà ní kíláàsì àgbà yóò máa kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Wọ́n á fún wa ní ìwé pẹlẹbẹ, wọ́n á mú wa jókòó sí abẹ́ ògiri náà. Nígbà míràn, àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ tilẹ̀ máa ń wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé lórí iṣẹ́ tí a lè ṣe lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á gbé àwòrán ilé gíga hàn wá, wọ́n á ní ká béèrè ìbéèrè. Mo ti kọ tèmi sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin ọ̀gá, òṣìṣẹ́ mélòó lẹ lé nítorí pé wọ́n parọ́, mélòó lẹ sì lé nítorí pé wọn kò mú owó wá?